Ọkàn mi kì í dákẹ́ lóru, ọkọ mi sì ní kí n má jókòó wo èémí mi

Lẹ́tà:

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Aláró ni mí ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tí mo ti yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ọjà kò sì tà mọ́, oorun ti dá lójú mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ìṣirò ni mo máa ń ṣe títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Táíwò ọmọ mi, ọmọ ọdún 8, da omi sórí aṣọ tí mo ti fi ẹ̀kọ ya, mo sì lù ú débi pé ẹ̀gbọ́n mi ló gbà á lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ní kí n máa ṣe mindfulness, pé kí n jókòó kí n máa wo èémí mi. Mo dán an wò, orí mi kò dákẹ́, ńṣe ni ariwo inú rẹ̀ tún pọ̀ sí i. Ọkọ mi wá ní ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni, kí n má lọ ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí àjèjì nínú ilé òun. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ó tiẹ̀ wúlò fún irú mi?

Ìyá Ìbejì, Ìtòkú

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì mi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín, mo tún un kà, ohun tó sì kọ́kọ́ dùn mí ni bí ẹ ṣe sọ ọ́ pé orí yín kò dákẹ́, àfi bíi pé ẹ jẹ̀bi nǹkan. Ẹ ò jẹ̀bi. Kò sí orí alààyè kan tó ń dákẹ́. Ẹni tó bá ní kí ọkàn ṣófo pátápátá ni a ṣe ń jókòó kò ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa á tì.

Iṣẹ́ tó wà nínú mindfulness yìí, tí èmi ń pè ní ìfarabalẹ̀, kò ju èyí lọ: ẹ ó fi ọkàn sí ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, bí èémí; ọkàn á sá lọ; ẹ ó rí i pé ó ti sá lọ; ẹ ó mú un padà láì bá a jà. Bó bá sá lọ nígbà ogún tí ẹ sì mú un padà nígbà ogún, ẹ ti ṣe é bó ṣe yẹ nìyẹn. Ẹ wo bí ewúrẹ́ ṣe máa ń yọ́ wá lá ẹ̀kọ lára aṣọ tí ẹ bá sá sóòrùn. Ẹ ó lé e, ẹ ó padà sídìí iṣẹ́ yín. Ẹ ò ní tìtorí ewúrẹ́ sọ pé ẹ ò mọ iṣẹ́ aró ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe sí ìrònú tó bá yọjú. Ariwo tí ẹ gbọ́ nígbà tí ẹ jókòó yẹn, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fara balẹ̀ tó láti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀ baálé yín, torí mi ò fẹ́ kí ohun tó yẹ kó mú ìsinmi wá dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Baálé yín kò parọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ẹ̀sìn tó bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà, ni àṣà yìí ti ṣẹ̀, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí tí àbúrò yín ń sọ ti gba ilé ìwòsàn kọjá. Ní 1979, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ìrora wọn kò lọ bó ti wù kí dókítà ṣe tó. Ọ̀sẹ̀ 8 ni ẹ̀kọ́ náà. Wọn kì í gbé ère kalẹ̀, wọn kì í bọ nǹkankan. Bí wọ́n ṣe ń mí àti bó ṣe ń ṣe wọ́n lára ni wọ́n ń kíyè sí. Krìstẹ́nì ń ṣe é, Mùsùlùmí ń ṣe é. Ẹ ní kí baálé yín jókòó tì yín lọ́jọ́ kan kó fojú ara rẹ̀ rí i. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ gbàdúrà, ẹ gbà á. Bí ó bá ṣì ń kọ ọ́ lóminú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má wulẹ̀ jókòó. Ẹ máa ṣe é nídìí aró bí mo ṣe fẹ́ sọ yìí. Mi ò mọ ọkọ tó máa bínú pé ìyàwó òun ń fọkàn sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wúlò, àmọ́ kì í ṣe gbogboǹṣe. Ní 2014, àwọn oníwádìí kan ní Amẹ́ríkà kó àbájáde ìwádìí 47 pa pọ̀, èyí tí èèyàn tó lé ní 3,500 wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó ń dín àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìrora kù níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ṣùgbọ́n wọn ò rí i pé ó ju oògùn tàbí eré ìdárayá lọ. Ní 2022, ìwádìí mìíràn pín èèyàn 276 tí àníyàn ti di àìsàn sí lára sí ọ̀nà méjì. Apá kan kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 8 yẹn, apá kejì ń lo escitalopram, oògùn tí àwọn dókítà sábà máa ń kọ fún irú wọn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 8 pé, bí àníyàn ṣe dín kù lára àwọn méjèèjì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè ju oògùn tí dókítà kọ fún un nù o. Àwọn yẹn náà sì ń fi bí ìṣẹ́jú 45 ṣe é lójoojúmọ́. Mi ò ní béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ìyá ìbejì tó ń rẹ aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yé mi dáadáa, ó sì máa yé ẹ̀yin náà. Ní agogo méjì òru, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò sí nínú yàrá yín. Ìrònú nípa rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara kò mọ ìyàtọ̀. Àyà á máa já, èjìká á le, ẹnu á gbẹ, àfi bíi pé ó ti ń kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti ń kọ́ ìfarabalẹ̀ á lè sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ìrònú gbèsè tún dé," á sì mú ọkàn padà sí èémí tó ń wọlé tó ń jáde. Gbèsè kò tíì lọ, àmọ́ ara á rọlẹ̀, oorun á sì ráyè wọlé.

Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ nídìí aró. Bí ẹ bá ti wọ ìbọ̀wọ́ tán, kí ẹ tó ri aṣọ, ẹ yà kúrò lórí ìkòkò díẹ̀, torí òórùn kẹ́míkà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí èyí tó ń jáde gùn ju èyí tó ń wọlé lọ. Kí ẹ wá ri aṣọ, kí ẹ mọ bó ṣe ń wúwo sí i lọ́wọ́ yín bó ṣe ń mu aró. Nígbà tí ẹ bá fà á jáde, ẹ má tíì wo ẹni tó ń kọjá. Ẹ mọ̀ jù mí lọ pé aṣọ kì í ti inú aró jáde ní dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde, afẹ́fẹ́ á wá kàn án, dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Ibi tó ṣí sílẹ̀ á kọ́kọ́ dúdú, ibi tó bá ṣẹ́ po á ṣì tutù yọ̀yọ̀ títí ẹ ó fi là á. Ẹ dúró wò ó kó yí tán. Bí ọkàn bá sá lọ sọ́dọ̀ oníbàárà tí kò tíì sanwó, ẹ mú ojú padà sí aṣọ. Ọdún mélòó lẹ ti ń rẹ aṣọ tí ẹ kò rí i mọ́?

Lálẹ́, bí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ jókòó sórí àga fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò dandan kí ẹ ká ẹsẹ̀ bí àwọn tó wà nínú àwòrán. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Bí ẹ fẹ́ ẹ dijú, bí ẹ fẹ́ ẹ lajú. Ẹ má retí ìdákẹ́rọ́rọ́, ẹ ò ní rí i ní Ìtòkú. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún, ọ̀kadà ń gun òkè: ẹ gbọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọjá, ẹ padà sí èémí. Bí ẹ bá sì dùbúlẹ̀ tí oorun kò dé, ẹ fi ọkàn rìn nínú ara yín láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá sókè, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tú ibi tó bá le sílẹ̀. Bí oorun bá gbé yín lọ kí ẹ tó dé orúnkún, ẹ má pe ara yín padà. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí ìrọ̀rí. Ẹ má sì fi agbára ṣe é. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí jíjókòó bẹ́ẹ̀ bá ń mú ohun búburú kan tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn wá sọ́kàn yín lọ́nà tó le, ẹ lajú, ẹ dìde, ẹ lọ bá ẹnìkan sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ Táíwò ló wà lọ́kàn mi jù. Kí ọwọ́ tó gbéra, ara ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: àyà á gbóná, eyín á wa pọ̀, èjìká á sún sókè. Àkókò kékeré kan wà láàárín ìgbà tí omi dà àti ìgbà tí ọwọ́ balẹ̀. Ẹni tó bá ti ń fi alaalẹ́ mọ bí ara rẹ̀ ṣe ń rí á tètè bá àkókò yẹn pàdé. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá tún dà, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbọin, ẹ mí lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó lanu. Ẹ ṣì lè bá a wí, aṣọ ẹlẹ́kọ tó bàjẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré, owó àti ọjọ́ iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa bá a wí, kò ní jẹ́ gbèsè ló ń lù ú. Ẹ sì pe Táíwò lónìí, kí ẹ sọ fún un pé ìyà tí ẹ fi jẹ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 8 á lóye rẹ̀.

Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò pẹ̀lú. Bí ó bá sì ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ẹ kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wọlé, tàbí tí ẹ bá ń rò ó pé ó sàn kí ẹ má sí láyé, ìfarabalẹ̀ nìkan kò tó. Dókítà ló kàn, ti ìgbẹ̀yìn yẹn kò sì gbọ́dọ̀ di ọ̀la. Mo mọ̀ pé ní Abẹ́òkúta, bí èèyàn bá dárúkọ Arò, ilé ìwòsàn àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ, ẹ̀rín ni àwọn kan máa fi ń rín. Inú mi kì í dùn sí i. Láti 1954 ni ilé ìwòsàn yẹn ti wà, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ló jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú, gbogbo ayé sì wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí oorun dá lójú rẹ̀ náà lè lọ síbẹ̀. Kò dìgbà tí èèyàn bá já sójú títì.

Ó wá ku gbèsè. Èémí kò lè san án. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ iye tí ẹ jẹ ẹgbẹ́ sí apá kan àti iye tí àwọn oníbàárà jẹ yín sí apá kejì, torí ìṣirò tó bá ti wà lórí ìwé kì í fẹ́ kí a máa tún un ṣe lóru. Kí oṣù tó parí, ẹ mú onídùúró yín dání, ẹ lọ bá alága ẹgbẹ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín iye oṣooṣù kù kí wọ́n sì fi àkókò kún un. Ẹni tó wá kí ọjọ́ tó pé, ojú tí wọ́n máa fi wò ó yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n ní láti wá délé. Lẹ́tà yín kò sọ bóyá baálé yín mọ iye tí gbèsè náà jẹ́, ó sì ń ṣe mí bíi pé kò mọ̀ ọ́n tán. Ẹ sọ fún un kí ẹ tó lọ rí alága.