Ìbéèrè àti ìdáhùn: Òṣùwọ̀n abẹ́ àpótí oyin mi ń yí ọ̀rọ̀ padà lọ́sàn-án, bátìrì rẹ̀ kì í sì í pé ọ̀sẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òmù-Àrán ni mò ń gbé, oyin ni mo ń sìn. Mo gbé load cell (irin tó ń sọ ìwúwo di àmì iná) oníkílò 50 sábẹ́ àpótí kan kí n lè mọ ìgbà tí oyin bá kún láì ṣí i. LM358, IC tó ní ẹ̀rọ agbé-àmì-ga méjì nínú, ni mo lò, pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ 10 kΩ méjì àti 1 MΩ méjì, láti sọ àmì náà di ìlọ́po 100. Apá kejì IC náà ni mo fi ń ti àmì gba wáyà mítà 8 lọ síbi tí kòkòrò oyin kò ti ní ta mí, ibẹ̀ ni mo ti ń fi tẹ́sítà kà á. Bátìrì lithium 3.7 V, 2000 mAh, ló ń gbé e, mo sì so LED pupa mọ́ ọn pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ 330 Ω kí n lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Iye tó ń kà láàárọ̀ yàtọ̀ sí tọ̀sán. Láti ìgbà tí mo ti fa wáyà gígùn yẹn ni nọ́ńbà ti ń fò. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, bátìrì ti kú. IC wo ni kí n rà tí kì í jẹ iná?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oyin o. Kí ẹ tó náwó sórí IC, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń jẹun gan-an. Rẹ̀sísítọ̀ mẹ́rin ló wà nínú load cell yín, àti pé nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, 350 Ω ni bátìrì ń bá pàdé. 3.7 V lórí 350 Ω, ó di bíi 10.6 mA, tọ̀sán-tòru. LED yín ń mu bíi 5.5 mA. LM358 tí ẹ ń fura sí kò mu ju bíi 0.7 mA lọ. Bí ẹ bá fi MCP6002 rọ́pò rẹ̀, tí gbogbo tirẹ̀ jẹ́ 0.2 mA, àfikún tí bátìrì máa rí kò tó wákàtí mẹ́rin.

Nítorí náà, ẹ yọ LED. Ẹ fi bọ́tìnì tó ń padà fúnra rẹ̀ tí ẹ bá ti jáwọ́ lára rẹ̀ sáàárín bátìrì àti gbogbo sákíìtì, kó wà lápá ọ̀dọ̀ yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, ẹ kà á, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, iná tó máa lọ kò tó 0.1 mAh. Ọ̀rọ̀ bátìrì tán nìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí ni ti iye tó ń yí padà, torí òun ló lè mú yín ṣí àpótí nígbà tí kò yẹ. Wáyà àmì méjì ló ń jáde látinú load cell. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé bíi 1.85 V, ìdajì bátìrì. Ìwọ̀n oyin kò sí nínú 1.85 V yẹn o. Inú ìyàtọ̀ bíńtín tó wà láàárín wáyà méjèèjì ló wà. Bí load cell yín bá jẹ́ 2 mV/V (2 mV fún 1 V kọ̀ọ̀kan tí bátìrì fún un), kílò 50 gbáko kò mú ju 7.4 mV wá, kílò kan kò tó 0.15 mV. Iṣẹ́ differential amplifier, ìyẹn LM358 yín àti rẹ̀sísítọ̀ mẹ́rin tí ẹ tò mọ́ ọn, ni kó pa ohun tó dọ́gba lára méjèèjì tì, kó gbé ìyàtọ̀ nìkan. Kò sì lè ṣe é bí rẹ̀sísítọ̀ mẹ́rin yẹn kò bá dọ́gba méjì-méjì.

Ẹ wo ara rẹ̀sísítọ̀ yẹn. Bí ìlà aláwọ̀ wúrà bá wà lára wọn, 5% ni wọ́n. Tí àṣìṣe wọn bá bọ́ síbi tó burú jù, 1.85 V yẹn á yọ́ wọlé bí ẹni pé 3.7 mV ni ìyàtọ̀. Kílò 25 nìyẹn, láìsí afárá kan lórí òṣùwọ̀n! Ẹ lè ní ẹ ó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ bí bátìrì ṣe ń ti 4.2 V bọ̀ sí 3.4 V, bíi kílò 5 á pòórá nínú rẹ̀, ẹ ó sì rò pé àwọn kòkòrò ti kó lọ.

Ẹ ra 1%, ọgbọ̀n-ọgbọ̀n láti ara téèpù kan náà, kí ẹ máa fi tẹ́sítà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kàn wá bóyá 10 kΩ gan-an ni; 10.04 àti 10.04 sàn ju 10.00 àti 9.95 lọ. Orí tábìlì ni kí ẹ ti wọ̀n wọ́n. Bí ìka yín bá kan ẹsẹ̀ méjèèjì 1 MΩ, ara yín á dara pọ̀ mọ́ ọn, iye á sì já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ni mo ti rí tó da rẹ̀sísítọ̀ tó dáa nù torí èyí. Tí méjì-méjì bá bára mu dé nọ́ńbà kẹrin, kílò 25 yẹn kò ní ju kílò kan lọ mọ́. Ẹ wá fi MCP1700 oní 3.3 V, IC tó ń mú iná dúró lójú kan, ṣáájú load cell, kí iye má bàa máa tẹ̀ lé bátìrì.

Ti ọ̀sán ńkọ́? LM358 fúnra rẹ̀ ń yẹ̀ ní bíi 7 µV fún ìwọ̀n ooru 1 °C. Nígbà ọyẹ́, inú ike tí oòrùn ń pa lè fi 20 °C gbóná ju ti òwúrọ̀ lọ. Kílò kan ti wọlé nìyẹn. Bí owó bá wà, INA333, IC tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí gan-an, ni mo fọwọ́ sí: 50 µA ló ń mu, ìyẹ̀sí rẹ̀ kò tó gíráàmù 15 fún 20 °C náà, inú rẹ̀ ni wọ́n ti dọ́gba rẹ̀sísítọ̀ sí. Rẹ̀sísítọ̀ 1 kΩ kan péré lẹ ó fi kún un, ó di ìlọ́po 101. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré o, ẹ ra pátákó kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ooru ń yọ load cell náà lẹ́nu, torí náà ẹ ṣe ìbòòji fún un, kí ẹ sì máa ka ìwọ̀n kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí gbogbo kòkòrò wà nílé.

Wáyà gígùn ló ń mú nọ́ńbà fò. Wáyà tí wọ́n fi àwọ̀n irin bò ń ṣe bíi kapásítọ̀ (ohun tó ń kó iná díẹ̀ pamọ́), nǹkan bíi 100 pF ní mítà kan. Mítà 8, 800 pF. Apá kejì IC tí ẹ fi ń tì í, tí kò sọ nǹkan di púpọ̀, òun gan-an ló rọrùn jù fún irú ẹrù yìí láti mú gbọ̀n. Ẹ yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí apá àkọ́kọ́ tì í fúnra rẹ̀, pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ 100 Ω láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti wáyà, àti kapásítọ̀ 100 nF létí ẹsẹ̀ iná IC.

Bó bá jẹ́ LM358 lẹ ṣì fẹ́ lò, ẹ dán an wò kí ẹ tó so MCP1700 mọ́ ọn. Ẹ so ẹnu rẹ̀sísítọ̀ 10 kΩ méjèèjì tí àmì ń gbà wọlé pọ̀ mọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wáyà àmì load cell. Ẹ fi bátìrì tó kún kà á, ẹ tún fi èyí tó ti rẹ̀ kà á. Bí iye bá dúró lójú kan, tí kì í ṣe òdo, IC ló ni àṣìṣe náà, ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Bó bá lẹ̀ mọ́ òdo, kò tíì sọ nǹkan kan, torí sákíìtì yín kò lè sọ̀kalẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ẹ fi LM358 mìíràn síbẹ̀ kí ẹ tún un wò. Bó bá ń bá bátìrì rìn, ẹ padà sídìí rẹ̀sísítọ̀.