Ṣé ẹni tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lè kọ́ Tai Chi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 61 ni mí, Peckham ni mo ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún tó kọjá mo yọ̀ ṣubú níwájú ilé wa, ọrùn ọwọ́ mi òsì kán, ó ti jinná báyìí ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìṣubú ò kúrò lára mi, tí mo bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ńṣe ni àyà mi á máa já. Ọsibítù ló ní kí n lọ kọ́ Tai Chi, ìjà àwọn Ṣáínà tí wọ́n máa ń rìn jẹ́jẹ́ fi kọ́, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní họ́ọ̀lù kan nítòsí wa. Àwọn ọmọ mi ní mọ́mì fẹ́ di Bruce Lee, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní òrìṣà àwọn Ṣáínà ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Èmi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, mi ò fẹ́ ṣubú mọ́ ni. Ṣé irú ìdí bẹ́ẹ̀ tó èèyàn kọ́ ìjà sí?

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ ti ọwọ́, ẹ kú ewu o. Ìdí yín tó gan-an, kódà lójú tèmi ó sún mọ́ gbòǹgbò Tai Chi ju ti ọ̀dọ́ tó kàn fẹ́ máa fò lókè bíi ti inú fíìmù lọ.

Ìjà ni Tai Chi lóòótọ́. Ìdílé Chen ní abúlé Chenjiagou, ní Henan ní Ṣáínà, ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ látijọ́, Yang Luchan ló kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn tó sì gbé e dé Beijing. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dán ara wọn wò, tuishou ni wọ́n ń pè é: èèyàn méjì á dojú kọra, ọwọ́ á kan ọwọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀, kálukú á máa fi ara gbọ́ ibi tí ẹnìkejì fì sí, tó bá ti rí i pé ó fì jù, á kàn tì í díẹ̀ síbẹ̀, ẹsẹ̀ onítọ̀hún á ṣí. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti ṣí, wọ́n ti mú un nìyẹn. Àwa náà ṣáà mọ̀ pé nínú gídígbò, ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá kanlẹ̀ ni wọ́n dá. Àìṣubú tẹ́ ẹ ń wá yẹn, òun gan-an làwọn oníjà ń wá.

Àìsàn ló gbé ẹlòmíì débẹ̀. Zheng Manqing, ayàwòrán ni, ikọ́ ẹ̀gbẹ ń dà á láàmú ló fi bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ ó di ògbóǹtarìgì tíṣà ní New York. (Mi ò ní Tai Chi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ o, oògùn ọsibítù ni tiẹ̀.)

Èmi fúnra mi, oorun ni mo bá lọ. Lẹ́yìn tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, mo máa ń lajú sílẹ̀ mọ́jú ni. Tíṣà wa, ìyá àgbà kan láti Hong Kong, ò bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ohun kan ṣoṣo ló ń kọ́ mi, pé kí n gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún kí n tó gbé tòsì. Ó ki bébà kan bọ abẹ́ bàtà mi òsì, ó fà á, kò yọ. Mo ní mo ti gbé ara kúrò níbẹ̀, ó tún fà á, kò yọ. Ọjọ́ tí bébà yẹn yọ wọ́ọ́rọ́ láìya, omi bọ́ lójú mi. Ẹsẹ̀ kan kún, ìkejì ṣófo, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ẹni tó bá sì mọ èyí tó ṣófo ò ní ṣèèṣì gbé èyí tó rù ú.

Ní ti òrìṣà, orúkọ Tai Chi jáde látinú ìmọ̀ àtijọ́ àwọn Ṣáínà nípa nǹkan méjì tó ń gbé ara wọn ró, bí ọ̀sán àti òru. Kò sí ẹbọ nínú ìrìn ẹ̀. Tai Chi oníṣísẹ̀ 24 tí wọ́n sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀, àjọ eré ìdárayá ìjọba Ṣáínà ló ṣe é ní 1956 kí ará ìlú lè máa fi nara. Tíṣà míì lè máa sọ̀rọ̀ Dao, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ àtijọ́ àwọn Ṣáínà, sí i, torí náà ẹ kọ́kọ́ jókòó wo kíláàsì kan, ohun tí ọkàn yín ò bá gbà, ẹ má ṣe é.

Ẹ fi àwọn ọmọ yín sílẹ̀ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bruce Lee tí wọ́n ń pè yẹn, bàbá ẹ̀ ló kọ́kọ́ fi Tai Chi hàn án.

NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, náà sọ pé ó lè dín ìṣubú àgbàlagbà kù, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ sọ ti ọwọ́ yín fún tíṣà, ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ jù. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ tó lọ, ẹ dúró níwájú síńkì, ẹ fọwọ́ ọ̀tún dì í mú, ẹ gbé ara lọ sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ òsì á fi fúyẹ́, ẹ mí, kẹ́ ẹ gbé e padà. Ìgbà mẹ́wàá láràárọ̀. Tó bá di oṣù mẹ́ta, ẹ kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ gbọ́ bí sísọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ṣe wá ń rí lára yín.