Nǹkan dúdú ń hù lára ògiri yàrá ọmọ mi ní Manchester

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Injiníà. Adó-Èkìtì níbí ni mo wà, ọmọ mi obìnrin àti ọkọ ẹ̀ ló ń gbé Manchester pẹ̀lú ọmọ wọn tí ò tíì pé ọdún 2. Gbogbo ìgbà òtútù ni nǹkan dúdú máa ń hù lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì wọn àti létí wíńdò. Wọ́n kun ọ̀dà lé e, ó tún jáde. Ọmọ yẹn ń wúkọ́. Onílé ní wọ́n ti ń se oúnjẹ jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ọdún 8 ni mo fi ṣiṣẹ́ ilé ní England kí n tó padà wá sí Adó, mo sì rí nǹkan yìí nílé àwọn èèyàn wa níbẹ̀ gan-an. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé ọmọ yẹn lọ rí dókítà, kí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ ògiri yẹn fún un. Ní December 2020, Awaab Ishak, ọmọ ọdún 2, kú ní Rochdale tí ò jìnnà sí Manchester, nígbà tí wọ́n wádìí ẹ̀, nǹkan dúdú tó hù sínú ilé wọn yìí náà ló ba ọ̀nà tó fi ń mí jẹ́. Ó dùn mí gan-an nígbà yẹn.

Ẹ wo ìgò mínírà tẹ́ ẹ bá yọ látinú fíríìjì, ó máa ń làágùn àbí? Kò jò o, inú afẹ́fẹ́ lomi yẹn ti wá, torí afẹ́fẹ́ tó bá móoru ń gbé omi, tó bá ti kan nǹkan tútù, á tú u sílẹ̀. Nígbà òtútù, ògiri wọn tó kọjú síta ni ìgò yẹn. Èémí wa, omi gbígbóná tá a fi ń wẹ̀, iṣu tí wọ́n sè fún iyán, gbogbo ẹ̀ ló ń di omi sínú afẹ́fẹ́, aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sá sórí hítà nìkan lè tú tó lítà 2 sílẹ̀. Nílé wa níbí oru yẹn á ti gba wíńdò jáde, wíńdò tiwọn dí pa.

So onílé sọ díẹ̀ nínú òótọ́, but kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò: kí wọ́n nu ibì kan lára ògiri kó gbẹ, kí wọ́n fi ṣẹ́lótépù lẹ nylon mọ́ ọn yíká fún ọjọ́ 2. Tómi bá wà lójú nylon, afẹ́fẹ́ inú ilé ni. Tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀, inú ògiri lomi ti ń wọlé, iṣẹ́ onílé nìyẹn, kò kan ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, kí wọ́n máa ṣí wíńdò gbayawu fún bí ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ àti lálẹ́, kódà tí òjò ń rọ̀, torí afẹ́fẹ́ tútù ìta ò gbé omi púpọ̀. Kí wọ́n dé ìkòkò, kí wọ́n tan fáànù kíṣìnì, kí wọ́n fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri. Mo mọ̀ pé owó iná ń ga wọ́n lára, but kí hítà máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ kílé má tutù ju 18°C lọ, ó sàn ju kí wọ́n tan án fún wákàtí kan kí wọ́n pa á.

Èyí tó ti hù, ọṣẹ àti omi ni kí wọ́n fi nù ún, kí wọ́n bo imú, kí ọmọ má sí nítòsí, kí wọ́n ju àkísà yẹn nù. Ọ̀dà ò lè pa á.

Kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí onílé pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yà á. Tí ò bá dáhùn, kí wọ́n kọ̀wé sí council.