Bí àrán àti awọ ẹkùn ṣe ń jáde nínú àwòrán ọ̀dà òróró

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àrán tí ẹ kùn sọ́rùn bàbá inú àwòrán yín ń dán bí ọ̀rá, awọ ẹkùn èjìká wọn sì rí ṣágiṣàgi. Ọ̀dà yín ò ṣẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà lẹ ṣì gbé.

Sátíìnì, aṣọ dídán yẹn, ló máa ń kọ mọ̀nà lórí ìṣẹ́po. Irun wẹ́wẹ́ ló bo àrán ní tiẹ̀: ibi tó bá kọjú sí yín gan-an, ìmọ́lẹ̀ á rì sáàárín irun, ibẹ̀ á dúdú. Etí ìṣẹ́po, níbi tí aṣọ ti ń yí lọ, ló máa ń mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àárín dúdú, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín sétí, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ pa ààlà rẹ̀ rẹ́. Bí ààlà bá mú, sátíìnì lẹ kùn yẹn.

Fún àrán pupa, ẹ fi burnt umber (ọ̀dà búráùn tó ṣú) àti tọpẹntáìnì (omi tí a fi ń mú ọ̀dà ṣàn) nìkan to òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ ná. Umber máa ń tètè gbẹ. Ivory black, ọ̀dà dúdú, kì í tètè gbẹ, ẹ má fi tẹ́ ìsàlẹ̀. Ìpele kejì ni pupa tó nípọn. Tó bá gbẹ, ẹ po alizarin crimson (ọ̀dà pupa tó jinlẹ̀) tí wọ́n kọ “permanent”, ìyẹn èyí tí kì í tètè ṣá, sí lára mọ́ linseed (òróró tí a fi ń po ọ̀dà) àti tọpẹntáìnì, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n kan, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìpele òkè gbọ́dọ̀ lóròóró ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bí òkè bá kọ́kọ́ gbẹ, tí ìsàlẹ̀ ṣì ń sún, yóò sán.

Ẹ má ya irun ẹkùn níkọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ́ yellow ochre (ọ̀dà àwọ̀ ìyeyè bí amọ̀) àti funfun, ẹ fi raw umber (búráùn tí kò pọ́n) sí apá òjìji. Kó tó gbẹ, ẹ fi àmì dúdú sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì alábẹ̀bẹ̀ fa etí àmì kọ̀ọ̀kan síbi tí irun kọjú sí, kí ẹ nù ún lẹ́yìn gbogbo ìfà. Inú òrùka àmì ẹ̀yìn ẹkùn pọ́n ju ìta rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí i. Ibi tí awọ ti kan àrán nìkan ni kí ẹ ti fa irun díẹ̀, kó má gùn dọ́gba.

Ọyẹ́ Àbújá yìí ń tan èèyàn. Tọpẹntáìnì á fò lọ kíákíá, ojú ọ̀dà á dà bíi pé ó ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ òróró ṣì tutù nísàlẹ̀. Ẹ fi èékánná tẹ etí kánfáàsì wò. Ẹ kọjú àwòrán sí ògiri nítorí eruku. Èyí tó bá ti bà lé ọ̀dà tútù, ẹ má nù ún, ó dìgbà tó bá gbẹ. Fáníìṣì, èyí tí a ń fi bo ojú àwòrán níkẹyìn, gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù 6, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ẹ bá kùn ún tán.

Àkísà tó ní linseed lára, ẹ má ká a jọ sínú yàrá. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná. Ẹ sá a síta tàbí kí ẹ rì í sómi.