Èsì: Ibo ni kí n gbé plugin jQuery mi sí?
Àbúrò, o béèrè ibi tí wàá gbé plugin jQuery rẹ sí kí aráyé lè rí i, ìyẹn àfikún tó o kọ fún jQuery, àkójọ kóòdù JavaScript fún ojú ewé wẹ́ẹ̀bù. Má wulẹ̀ yọjú sí plugins.jquery.com, ibi tí jQuery ti ń to plugin jọ tẹ́lẹ̀, wọn kì í gba tuntun níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2013, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .jquery.json là ń fi sínú kóòdù lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí. Ó dùn ún lò nígbà náà, ká má parọ́.

npm, ibi ìkójọ àwọn àkójọ kóòdù JavaScript, ló gbapò rẹ̀. Nínú package.json, fáìlì tó ń ṣàlàyé plugin rẹ fún npm, kọ "jquery-plugin" sí keywords, òun ni wọ́n fi ń wá a. Kọ jquery fúnra rẹ̀ sábẹ́ peerDependencies, ìyẹn ohun tí plugin rẹ nílò tí ẹni tó ń lò ó máa pèsè, kí jQuery méjì má baà máa jà lójú ewé kan. Ó ku àṣẹ npm publish, òun ló ń gbé e jáde. Tètè wo orúkọ tó o fẹ́ o, àwọn tó dùn ti tán!