Ẹ Má Lé Lámilámi: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Etí odò Ògùn, lápá Láfẹ́nwá, ni mo ti máa ń fi fóònù ya lámilámi. Kí n tó dé ìdí rẹ̀, ó ti fò. Èyí tí mo bá sì rí yà, orí rẹ̀ á hàn gaara, ìrù rẹ̀ á ṣe bàìbàì. Kí ló ń fà á? — Òǹkàwé kan, Ìbarà, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ má lé e mọ́. Ojú lámilámi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí rẹ̀ tán. Ohunkóhun tó bá ṣàdédé mì lápá ibi yòówù, ó ti rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ṣóńṣó igi tí wọ́n yàn láàyò. Wọ́n á fò lọ mú kòkòrò, tàbí lé akọ mìíràn dànù, wọ́n á tún padà wá bà síbẹ̀. Ìgbà tó bá fò gan-an ni kí ẹ sún mọ́ igi náà. Ẹ dúró ní bíi mítà kan àbọ̀, ẹ gbé fóònù sókè sílẹ̀ dè é, ẹ má sì jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sórí igi. Tó bá padà dé, ẹ kọ́kọ́ yà á kí ẹ tó tún sún ẹsẹ̀ kan.

Ní ti ìrù tó ń ṣe bàìbàì: tí ẹ bá ti sún mọ́ nǹkan kékeré, ibi tí kámẹ́rà lè mú hàn gaara kì í ju mìlímítà mélòó kan lọ. Ẹ̀yin dojú kọ orí, ìrù sì wà lẹ́yìn. Ẹ ṣe bí ẹni pé pákó pẹlẹbẹ kan gba orí, ìrù àti apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá, kí ojú fóònù yín dọ́gba pẹ̀lú pákó yẹn. Láti òkè tààrà nìyẹn, bí apá bá tẹ́ sílẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ara nìkan lẹ fẹ́, ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ìka tẹ ojú rẹ̀ lórí fóònù títí yóò fi dúró, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀, torí apá rẹ̀ ń dán. Bí ẹ bá ń fi ìka méjì fà á tóbi ju agbára lẹ́ǹsì lọ, fóònù kàn ń gé àárín àwòrán ni, iṣan inú apá á pòórá.

Ẹni tó ní kámẹ́rà: ẹ fi ihò lẹ́ǹsì sí f/8 sí f/11, kí ẹ sì jẹ́ kí kámẹ́rà ya èyí tó bà ní ìdá 1/500 ìṣẹ́jú àáyá. Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ló dáa jù, nítorí ara rẹ̀ kò tíì gbóná tó láti tètè fò.

Ìbéèrè: Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́fà fẹ́ lọ sí etíkun Àgbádárìgì. Ṣé lámilámi wà lórí iyanrìn níbẹ̀? — Àṣerò

Ìdáhùn: Ẹ kọ ẹ̀yìn sí òkun. Omi tí kò níyọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń yé ẹyin sí, nítorí náà kòtò omi àti àbàtà tó wà lẹ́yìn àwọn àgbọn ni kí ẹ wò. Èyí tí ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó ń rá bàbà lórí iyanrìn láìbà ni Pantala flavescens, tó máa ń fò la Òkun Íńdíà kọjá. Ẹ má fàkókò ṣòfò lé e lórí. Bó bá máa sinmi, ṣe ló ń rọ̀ dirodiro sára ẹ̀ka. Irú lámilámi mìíràn, Brachythemis, ló rọrùn láti yà. Akọ rẹ̀ ní ìlà dúdú tó dábùú apá, ó sì ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹni tó ń rin koríko, torí kòkòrò tí ẹsẹ̀ tú síta. Ẹ rìn jẹ́jẹ́, ẹ dúró lójijì, yóò bà nítòsí ẹsẹ̀ yín. Ẹ kúnlẹ̀, kí fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ àti iyanrìn. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu lẹ́ǹsì, yóò ha. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò ná, kí ẹ tó fi aṣọ múlọ́múlọ́ tí omi tútù díẹ̀ kàn nù ún. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní lámilámi. — Òkè-Ìléwó

Ìdáhùn: Ẹ mú un lọ wo abo tó ń yé ẹyin. Yóò máa fi ìdí ìrù kan omi, á gbéra, á tún kàn án, bí ẹni tó ń lá omi. Ojú kan náà ló sábà máa ń padà sí, nítorí náà ẹ dojú kámẹ́rà kọ ibẹ̀ sílẹ̀, ní ìdá 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá. Tí ọmọ bá rí èyí tí apá rẹ̀ ń dán bí ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ gbígbẹ lára koríko, kó má fọwọ́ kàn án: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ ni, apá rẹ̀ kò tíì le, bó bá sì ká, kò ní lè fò mọ́.