Ṣé dandan ni kí a tú agbádá àtijọ́ kí a tó mọ bí wọ́n ṣe rán an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Télọ̀ ni mí ní Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta níbí. Agbádá òfì kan wà nínú àpótí bàbá bàbá mi, ọwọ́ ni wọ́n fi rán gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà rán an kí n lè máa rán irú rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n fi abẹfẹ́lẹ́ tú gbogbo ojú rírán rẹ̀, kí n tẹ́ ẹ sórí bébà, kí n sì gé pátáànì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí tú u? Ṣé kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbì kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá abẹfẹ́lẹ́ náà padà sí ibi tí ẹ ti mú un. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, àwọn mìíràn kì í sì í béèrè títí wọn yóò fi tú aṣọ tán, kí wọ́n tó wá kó o wá fún mi nínú báàgì pé kí n bá wọn tò ó padà.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn ọ̀gá yín ni èrò pé orí bébà ni gbogbo aṣọ ti ń wá. Òótọ́ ni èyí bí ó bá jẹ́ kóòtù tàbí kàbà, tí a gé ní kọ́rọ́-kọ̀rọ̀ láti bá èjìká àti ìbàdí mu, tí etí ibi tí a gé sì fara pamọ́ sínú ojú rírán. Agbádá òfì àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ahunṣọ hun awẹ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Aránṣọ wá gé awẹ́ náà sí gígùn tí ó fẹ́, ó to etí kan ti èkejì, ó sì fi abẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀. Iye awẹ́ ni ó ń sọ bí aṣọ yóò ti fẹ̀ tó. Yàtọ̀ sí ọrùn àti àwọn ibi díẹ̀ mìíràn, àlùmọ́gàjí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe, nítorí kò sí ẹni tí yóò rí sányán, tí a fi òwú ìtẹ́ kòkòrò inú igbó hun, tí yóò máa gé e dànù. Nítorí náà, pátáànì tí ẹ fẹ́ tú aṣọ láti rí ti wà lójú aṣọ náà gbangba: ẹ kà á, ẹ wọ̀n ọ́n.

Ohun tí ẹ kò lè rí mọ́ lẹ́yìn títú ni ó yẹ kí ó dùn yín. Níbi tí ojú rírán méjì bá ti pàdé, èyí tí ó kọjá lórí èkejì ni wọ́n rán kẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá wọ́n so apá mọ́ ara kí wọ́n tó ṣe ìgbátí, àti bóyá àpò àyà ti wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó gorí rẹ̀. Ẹ ó rí ibi tí aránṣọ ti ta kókó, ibi tí òwú rẹ̀ ti tán, àti ibi tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti tún un rán lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Tí ẹ bá ti fa òwú yẹn yọ, ihò abẹ́rẹ́ nìkan ni ó kù, ihò kò sì lè sọ èyí tí ó ṣíwájú. Yàtọ̀ sí èyí, òwú àtijọ́ ti rọ. Etí awẹ́ lè ya kí òwú tó já.

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun tí ó mọ́ sórí tábìlì gbọọrọ. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ bọ́ òrùka, ẹ má sì fi ìpara pa á. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé nítòsí rẹ̀, kì í ṣe báírò. Ẹ ka awẹ́ láti etí kan dé èkejì, ẹ wọn fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, nítorí aṣọ tí a fọwọ́ hun kì í dọ́gba. Ẹ wo apá: ṣé awẹ́ rẹ̀ dúró bíi ti ara ni, àbí ó dábùú? Lẹ́yìn náà, ẹ rọra yí inú rẹ̀ síta díẹ̀díẹ̀, ẹ tan iná láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo oríkèé rẹ̀. Bí ẹ bá bá ojú rírán ẹ̀rọ pàdé, ẹ má yára pe aṣọ náà ní ayédèrú. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti pẹ́ láyé: ọdún 1851 ni Isaac Singer ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ní ti fífọ̀, rárá. Aró lè ṣàn, pupa àlàárì lè kun ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọṣẹ tàbí iyọ̀ kò sì ní gbà yín. N kò tíì fojú rí aṣọ yín, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àṣẹ lórí èyí tí ó ti ń jẹrà tàbí tí ó ti hu. Ẹ gba ìyọ̀ǹda ẹbí kí ẹ tó gbé e jáde. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀kú eégún ni ó wà nínú àpótí náà, ọ̀rọ̀ mi kò kàn án. Àwọn tí ó ni eégún ni kí ẹ bi.

Nígbà tí ẹ bá ti kọ ìwọ̀n tán, ẹ fi aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú rán àdánwò kan ná, ẹ gé e sí awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ tó tò ó. Abẹ́òkúta mọ adìrẹ dáadáa, ṣùgbọ́n fún òfì, ẹ bá àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ fífẹ̀ tí ẹ fẹ́ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí hun ún. Bí awẹ́ tí ẹ rà bá fẹ̀ ju ti bàbá àgbà lọ, iye awẹ́ yóò dín kù, ọrùn kò sì ní bọ́ sí ibi tí ó wà lára ti àtijọ́.